Ohun tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí nípa ike, rọ́bà àti ọ̀rá inú ilé

Inú ìsọ̀ rọ́bà ni mo ti kọ́ ìrìn, láàárín korobá, asẹ́ àti báàfù tí ìyá mi tò jọ bí òkè ní Agbeni, n'Íbàdàn. Èmi náà ni mo jókòó síbẹ̀ báyìí. Oníbàárà ayé àtijọ́ á ná an, á sanwó, á máa lọ. Ti òde òní á kọ́kọ́ bèèrè. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ló wà nísàlẹ̀ yìí. Àwọn kan wà tí mo dáhùn ní kíkún torí wọ́n lè pani lára. Àwọn mìíràn, mo kàn fọwọ́ kàn wọ́n lásán ni.

Ike, rọ́bà, ọ̀rá, náílọ̀nù: ṣé nǹkan kan náà ni wọ́n?

Lẹ́nu wa, ohun tó bá le, tó dá dúró, rọ́bà ni tàbí ike. Èyí tó bá fẹ́lẹ́, tó ṣeé ká, ọ̀rá ni tàbí náílọ̀nù. Ṣùgbọ́n rọ́bà gidi ń ti ara igi wá, irú èyí tó wà nínú oko rọ́bà ní Oǹdó àti Ẹdó. Òun ni wọ́n fi ń ṣe táyà. Korobá kò bá a tan rárá. Náílọ̀nù gan-an náà kì í ṣe ohun tí alápatà fi ń di ẹran fún yín. Wallace Carothers ló ṣe náílọ̀nù ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní 1935, nígbà tó sì di 1938 wọ́n ti ń fi ṣe irun búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Tí ẹ bá ń wá náílọ̀nù nínú ilé yín, orí búrọ́ọ̀ṣì yín ni kí ẹ wò. Ọ̀rá tiwa yẹn, pọ́lítíìnì ni. Àwọn onímọ̀ méjì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣèèṣì bá a pàdé ní 1933: nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá, nǹkan funfun kan tó dà bí àbẹ́là ni wọ́n bá nínú ẹ̀rọ.

Mi ò ní tìtorí ìyẹn bá ẹnikẹ́ni jà o. Bí ẹ bá ní kí n fún yín ní náílọ̀nù, ọ̀rá ni màá mú lé yín lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe é?

Epo rọ̀bì àti gáàsì abẹ́ ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà ní Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, tó ń sọ gáàsì di hóró ike. Hóró náà kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, inú àpò ni wọ́n sì ń dì í sí bí ìrẹsì. Aṣekorobá á da hóró yìí sínú ẹ̀rọ, á yọ́, ẹ̀rọ á fi agbára tì í wọ inú mọ́ọ̀dù, á tutù, korobá á jáde.

Ẹ dojú korobá yín délẹ̀, kí ẹ fi ìka pa ìdí rẹ̀ láàárín gbùngbùn. Ẹ ó rí kókó kékeré kan tó máa ń họ ni níka. Ojú ihò tí ike yíyọ́ náà gbà wọ inú mọ́ọ̀dù nìyẹn. Ìdodo korobá ni mo máa ń pè é. Ọ̀rá kò ní ìdodo ní tirẹ̀, nítorí fífẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ bí ìgbà tí ọmọdé ń fẹ́ bàlúùnù, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Tánkì omi tún yàtọ̀. Lúbúlúbú ike ni wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù ràgàjì kan, wọ́n á máa yí i po nínú ooru títí ike á fi lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ yíká, bí ẹni ń yí epo ká inú agbada.

Kí ló dé tí àwọn kan ń yọ́ nínú iná tí àwọn mìíràn kì í yọ́?

Ẹ wo òrí, kí ẹ wo ẹyin. Ẹ gbé òrí kaná, ó yọ́. Ẹ sọ̀ ọ́, ó dì. Ẹ tún gbé e padà, ó tún yọ́. Ẹyin tí ẹ bá ti sè ní tirẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dá a padà sí olómi. Ike oríṣi òrí ló pọ̀ jù nínú ilé: korobá, ọ̀rá, kẹ́ẹ̀gì, páìpù, ìgò omi. Ike oríṣi ẹyin ni èyí dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ ìkòkò, ọ̀pọ̀ súwíìṣì ara ògiri, àti abọ́ mẹlamáìnì tí àwọn ìyá wa ń pè ní abọ́ tí kì í fọ́. Leo Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó lọ ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí tó lókìkí jù nínú wọn ní 1907, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é: Bakelite. Iná kì í yọ́ irú ike yìí. Bó bá pọ̀ jù, á kàn jó di èédú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó níbi tí ooru àti iná ẹ̀lẹ́tíríìkì bá wà.

Àwọn onídìrí mọ oríṣi òrí dáadáa, bí wọn ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fi àtáṣímẹ́ǹtì dirí tán, wọ́n á ti ṣóńṣó irun náà bọ omi gbígbóná. Ike ni irun ọ̀hún. Omi gbígbóná á mú un rọ̀, bó bá sì ti tutù, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ni yóò ṣe dúró. Ẹ ti irun orí ara yín bọ omi bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé kò ní dúró.

Kí ni nọ́ńbà tó wà nínú àmì onígun mẹ́ta nídìí abọ́?

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ike ní Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀ ní 1988, kí àwọn tó ń ṣa ike fún àtúnlò lè mọ èyí tó bá èyí lọ. Nọ́ńbà 1 dé 7 ni. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ipò ni o. Nọ́ńbà 1 kò dára ju 5 lọ, àmì náà kò sì sọ pé ẹ lè fi abọ́ náà jẹun.

Nọ́ńbà 1 ni ìgò omi àti ti mínírà tó mọ́ gaara. Omi gbígbóná ni ọ̀tá rẹ̀. Kò tilẹ̀ nílò kó hó. Bó bá ti ń lọ sí nǹkan bí 75°C, ìgò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń ká jọ bí ẹni tí inú ń run. Nọ́ńbà 2 ni kẹ́ẹ̀gì àti ìgò ọṣẹ olómi, ó yi, kì í sì í mọ́ gaara. Nọ́ńbà 4 ni ọ̀rá, títí kan ti omi píọ̀ wọ́tà.

Nọ́ńbà 5 ni ààyò mi. Òun ni abọ́ ìkóúnjẹsí, àga, ọ̀pọ̀ korobá, ìdérí ìgò, àti àpò ìrẹsì tí wọ́n hun. Kì í yọ́ àfi tó bá sún mọ́ 160°C, omi híhó kò sì lè ṣe é ní nǹkankan. Tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ abọ́ tí òun á máa bu ọbẹ̀ sí, mo máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n wá nọ́ńbà 5 kí n tó dárúkọ owó.

Nọ́ńbà 3 ni páìpù omi, èèpo wáyà iná àti kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà. Ilé ló wà fún, kì í ṣe ti oúnjẹ. Nọ́ńbà 6 ni abọ́ fóòmù funfun àti àwọn ṣíbí tó máa ń dá sẹ́nu ẹni níbi ayẹyẹ. Nọ́ńbà 7 ni gbogbo ìyókù tí wọn ò rí ibi kó sí.

Bí nọ́ńbà bá ti parẹ́ ńkọ́?

Omi á sọ fún yín. Ẹ mú ìgò omi òfìfo kan àti ìdérí rẹ̀, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé díẹ̀ lára ìgò náà, ẹ ju àwọn méjèèjì sínú abọ́ omi. Ẹ fi ìka tẹ̀ wọ́n wọ inú omi kí afẹ́fẹ́ ara wọn lè kúrò. Ìdérí á léfòó padà, ìgò á rì lọ sísàlẹ̀. Ike nọ́ńbà 2, 4 àti 5 fúyẹ́ ju omi lọ. 1 àti 3 wúwo jù ú lọ. Àwọn tó ń tún ike lọ̀ náà ń fi omi yà wọ́n bẹ́ẹ̀. Fóòmù nìkan ló ń tanni jẹ, nítorí afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀.

Ṣé kò léwu láti se móínmóín nínú ọ̀rá?

Èmi kì í ṣe é, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Omi tó ń hó jẹ́ 100°C. Ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ yẹn máa ń yọ́ láàárín nǹkan bí 105 sí 115. Àlàfo yẹn kéré. Bí omi ìkòkò bá gbẹ díẹ̀ nígbà tí ẹ ń dáhùn fóònù, ìdí ìkòkò á ti kọjá ibẹ̀, ọ̀rá á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kó tó yọ́ pàápàá, àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ike kí ó lè rọ̀ tàbí kí ó ní àwọ̀ máa ń tètè jáde bí ooru bá pàdé òróró. Móínmóín sì rèé, ooru àti òróró ló pàdé nínú rẹ̀, fún odidi wákàtí kan.

Ẹ lo ewé eéran. Bí kò bá sí ewé, ife irin tàbí abọ́ nọ́ńbà 5 tó ní ìdérí á ṣe é. Ìyá mi kì í jẹ móínmóín ọ̀rá náà, ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi: ó ní kò ní òórùn ewé, pé ó dà bí ẹ̀wà tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n.

Àkàrà gbígbóná nínú ọ̀rá dúdú ńkọ́?

Ọ̀rá dúdú ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo ọjà tó wà nísọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ èmi náà ń tà á. Àwọ̀ dúdú máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Àlòkù oríṣiríṣi ni wọ́n sábà máa ń yọ́ pọ̀ láti fi ṣe é, a ò sì mọ ohun tí wọ́n ti dì sínú àlòkù náà rí. Ẹ fi ru iṣu, ẹ fi kó bàtà. Àkàrà tó ń ta ṣàṣà láti inú agbada, inú ìwé funfun tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí tàbí inú abọ́ ni kó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmàlà: tí ẹ bá fẹ́ dì í, ẹ jẹ́ kí ooru rẹ̀ lọlẹ̀ kí ẹ tó dì í.

Mo lè gbé abọ́ ike sínú máíkíróweefù?

Nọ́ńbà 5 tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé ó wà fún un nìkan. Ẹ má gbé mẹlamáìnì síbẹ̀ láé.

Kí ló dé tí epo pupa kì í kúrò lára abọ́ mi, kódà bí mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra?

Nítorí pé ìbátan epo ni ike. Àwọ̀ pupa inú epo náà kò dúró sójú abọ́ nìkan, ó ti wọ ara rẹ̀ lọ, ọṣẹ kò sì lè tẹ̀ lé e débẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa á, kí òróró fa àwọ̀ náà jáde, ẹ wá fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sí oòrùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Oòrùn máa ń pa àwọ̀ epo pupa. Mo fi abọ́ kan tí aládùúgbò mi ti fẹ́ jù nù dán an wò. Ní ọjọ́ kejì ó ti di àwọ̀ ìpara, ní ọjọ́ kẹta ó ní kí n dá abọ́ òun padà. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ síta o, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Àga oníke tí mo rà kò tíì pẹ́ tó fi ya. Ṣé ayédèrú ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ àga yẹn jáde láti inú mọ́ọ̀dù, kò ní ìṣó, kò ní oríkèé. Henry Massonnet, ará Fáransé, ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń ṣe yanturu láti 1972. Iṣẹ́jú méjì kì í pé tí ọ̀kan fi ń jáde. Ike nọ́ńbà 5 tí wọ́n fi ń ṣe é kò yọ́ nínú omi híhó, àmọ́ oòrùn ń já a sí wẹ́wẹ́, àfi tí wọ́n bá ti po oògùn oòrùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ ta á ní pọ́ọ́kú á dín oògùn náà kù, á sì dín ike gan-an kù.

Níbi ìkómọjáde kan ní àdúgbò wa ni mo ti rí i. Àga tí wọ́n yá fún ayẹyẹ ni, ó ti wà nínú oòrùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bàbá mi àgbà jókòó lé e lórí táìsì tí omi wà, ó na ọwọ́ sí abọ́ ìrẹsì, àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìrẹsì náà kò dànù. Bàbá ló lọ sílẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ dùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ àga náà. Bí ẹ̀fun bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, oòrùn ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ to méjì léra kí ẹ tó jókòó, tàbí kí ẹ dúró.

Nítorí kí ni tánkì omi ṣe máa ń dúdú?

Ohun méjì. Èédú lúbúlúbú tó sọ ọ́ di dúdú ń gba oòrùn dúró fún ike náà. Bákan náà, ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé, ewédò kì í sì í lè hù láìsí ìmọ́lẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì funfun tó kún fún omi sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó rí àwọ̀ ewé tó ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lára rẹ̀.

Ṣé mo lè tún ìgò omi lò?

Fún omi tútù tàbí sobo, ẹ lè lò ó fúngbà díẹ̀ tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ dáadáa. Bó bá ti họ tàbí tó ti ń rùn, ẹ jù ú nù. Ojú ibi tó họ ni kòkòrò àrùn ń fi ṣelé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ níbí ni ti kẹrosíìnì. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì, omi bátìrì tàbí oògùn ìfọṣọ funfun sínú ìgò omi tàbí ti mínírà. Kẹrosíìnì mọ́ gaara bí omi. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní gbóòórùn rẹ̀ kó tó gbé e mì. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà bì, ẹ má sì rọ epo pupa sí i lọ́fun. Ohun tó bá bì lè gba ibi èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ, kí ẹ mú ìgò náà dání.

Rọ́bà péńtì tí wọ́n fi ń wọn gàrí, ó dára?

Tó bá jẹ́ tuntun tí kò tíì rí péńtì rí, kò burú. Èyí tí wọ́n ti lo péńtì inú rẹ̀ tí wọ́n wá fọ̀, rárá. Ohun tí mo sọ nípa epo pupa àti abọ́, péńtì náà lè ṣe é. Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kẹ́míkà wá láti ilé iṣẹ́ náà ńkọ́, tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo fún àwọn tó ń pọn omi? Mo ti kọ̀ láti ta irú rẹ̀, mo sì ti pàdánù oníbàárà nítorí rẹ̀.

Ìgò ńlá orí dísípẹ́ńsà, ṣé òun náà jẹ́ nọ́ńbà 1?

Nọ́ńbà 7 ló sábà máa ń wà lórí èyí tó le gbagidi, tó sì ń dún kọ́-kọ́ bí ẹ bá kàn án. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní BPA wà nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ó sì lè máa jáde díẹ̀díẹ̀ bí ooru bá bá a. Àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù fòfin dè é nínú ìgò ìfúnmọlóúnjẹ ní 2011. Ẹ gbé ìgò dísípẹ́ńsà yín sí ibòji. Tí ẹ bá rí i tí oníṣòwò tò ó sí oòrùn lójú títì, ẹ kọjá lọ.

Ibo ni orúkọ "Ghana must go" ti wá?

Láti 1983 ni, nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, báàgì yẹn ni wọ́n sì kó ẹrù sí. Ike nọ́ńbà 5 tí wọ́n fà bí okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n wá hun bí ẹni hun ẹní ni. Òun ló fi fúyẹ́ tó sì lè gbé ẹrù wúwo.

Ṣé kí n dáná sun ike tó ti bàjẹ́?

Ẹ má sun ún. Èéfín kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà àti èèpo wáyà ló burú jù, torí ásíìdì wà nínú rẹ̀ tó ń jó ọ̀nà ọ̀fun, àti májèlé mìíràn tí ojú kò rí. Ẹ má sì fi ọ̀rá ṣáná sí èédú tí ẹ fẹ́ fi sun ẹran. Mo mọ̀ pé ó máa ń tètè ràn, ìyá gbogbo wa ló ṣe é rí. Háhá àgbàdo náà ń ràn.

Ní Èkó, ìjọba ti fòfin de abọ́ fóòmù láti oṣù Kìíní 2024. Gọ́tà tó dí nígbà òjò wà lára ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ká ṣòkòtò gba inú omi kọjá rí lójú ọ̀nà á mọ ohun tó máa ń léfòó lójú rẹ̀.

Kí ni kí n wá ṣe sí korobá tó ti fọ́?

Ẹ kó o pamọ́ de àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń ra irin àti rọ́bà fífọ́. Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n ni, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà ẹ jẹ́ kó pọ̀ díẹ̀. Ẹ ya ìdérí sọ́tọ̀, kí ẹ sì yọ ọwọ́ irin kúrò lára korobá, torí wọ́n máa ń dín owó irin náà kù mọ́ yín lọ́wọ́. Láti ọ̀dọ̀ wọn, ó di ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń yọ́ ọ padà sí hóró. Nítorí pé àwọ̀ ti pò mọ́ra, dúdú ni wọ́n máa ń pa á. Àwọn korobá dúdú tí àwọn bíríkìlà ń fi ru kọnkéré, èyí tí mo tò sápá òsì ìsọ̀ yẹn, owó wọn kò tó ìdajì ti aláwọ̀. Ẹ má fi gbé omi mímu.